Skin, V-Bucks àti Owó Inú Gèémù: Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Mí àti Ìdáhùn Mi

Ilé gèémù kékeré kan ni mò ń bójú tó ní Ìbàdàn: PS4 mẹ́rin, bẹ́ǹṣì méjì, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ skin. Tó bá di alẹ́, àwọn òbí wọn a pè mí, nígbà tí alert báńkì bá ti já wọn láyà. Mo wá kó ìdáhùn mi jọ síbí, kí ẹni tó bá fẹ́ lè jókòó kà á. Bí ẹ kò bá lè kà á tán, ẹ mú ẹyọ kan yìí lọ: ọjọ́ tí ẹ ra owó inú gèémù ni ẹ ti ná owó yín, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ fi ra aṣọ.

Kí ni wọ́n ń pè ní skin?

Aṣọ ni. Ẹ̀dá tí ẹ ń darí nínú gèémù, aṣọ ọrùn rẹ̀, àwọ̀ ìbọn tó gbé dání, báàgì ẹ̀yìn rẹ̀, ijó tó ń jó tó bá borí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú Fortnite, V-Bucks ni wọ́n fi ń rà á. Nínú Call of Duty: Mobile, CP ni. PUBG Mobile ń lo UC, Free Fire ń lo dáyámọ́ǹdì, Roblox ń lo Robux. Orúkọ ló yàtọ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ẹ ó kọ́kọ́ fi owó gidi ra owó inú gèémù, lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá fi owó inú gèémù ra ọ̀ṣọ́.

Ṣé ẹni tó ra skin máa ń lágbára ju ẹni tí kò rà lọ?

Nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn gèémù yìí, rárá. Ọta ìbọn kan náà ló ń pa ẹni tó wọ aṣọ ọ̀fẹ́ àti ẹni tó wọ aṣọ 2,000 V-Bucks. Ìgbà mìíràn wà tí aṣọ máa ń ran ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ní kọ̀rọ̀. Nínú Call of Duty: Warzone, aṣọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Roze, ó dúdú kirikiri débi pé ẹni tó bá wọ̀ ọ́ sá pamọ́ sí òjìji, ojú kò ní rí i. Àwọn òṣèré pariwo títí, kí àwọn tó ṣe gèémù náà tó mú àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ ní ọdún 2021. Irú ìyẹn kò wọ́pọ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ni pé bí ọwọ́ yín kò bá yá, aṣọ kò lè bá yín mú un yá.

Ta ló bẹ̀rẹ̀ títa aṣọ nínú gèémù?

Kò sí ẹni kan tí a lè nà ní ìka pé òun ló dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà kan wà tí gbogbo ayé gèémù kò lè gbàgbé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2006, iléeṣẹ́ Bethesda gbé ìhámọ́ra ẹṣin jáde fún The Elder Scrolls IV: Oblivion. 200 Microsoft Points ni iye rẹ̀, èyí tó jẹ́ dọ́là 2.50. Àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an: ta ló máa ń fi owó wọ ẹṣin tí kò sí láyé láṣọ? Síbẹ̀ wọ́n rà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí i pé kódà nígbà náà, iye tí wọ́n kọ sára ọjà kì í ṣe dọ́là. Points ni, 80 fún dọ́là kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé dọ́là 2.50 ni òun ń ná, àfi kó jókòó ṣe ìṣirò.

Iléeṣẹ́ Valve gbé fìlà wọ inú gèémù Team Fortress 2 ní 2009, wọ́n ṣí ìsọ̀ fún un ní 2010, ní 2011 wọ́n wá sọ gèémù náà di ọ̀fẹ́. Nígbà tí Fortnite Battle Royale dé ní oṣù kẹsàn-án 2017, ọ̀nà ti là. Gèémù ọ̀fẹ́ ni, aṣọ ló ń bọ́ ọ.

Kí ló dé tí wọn kò kàn kọ iye aṣọ ní náírà tàbí dọ́là, ká mọ̀?

Inú mi máa ń dùn tí wọ́n bá bi mí ní ìbéèrè yìí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára aṣọ kan pé 20,000 náírà, ojú yín á là. Ẹ ó rántí owó gáàsì, ẹ ó rántí owó iléèwé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ 1,500, tí àmì V kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àyà yín kò ní já. Ẹ ti san owó lánàá tàbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tó wà lọ́wọ́ yín báyìí ti dà bí owó eré. Ẹni tó ti dé òde ìnáwó mọ ohun tí mò ń sọ. Bí wọ́n bá ti ṣẹ́ owó ńlá sí wẹ́wẹ́ láti fi ná olórin, ọwọ́ tó ń ná an máa ń yá ju ọwọ́ tó gbà á jáde ní báńkì lọ. Owó kan náà ni. Ìrísí rẹ̀ ló yí padà, ìrísí náà ló sì tú ọwọ́ sílẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé kí ló burú níbẹ̀, ṣé owó ẹyọ kọ́ ni àwọn baba ńlá wa ná? Ó dára, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n wé ara wọn. Láti Òkun Íńdíà ni owó ẹyọ ti ń wá, ẹni tó bá kó o dé Ìbàdàn lè fi ra iṣu, lè fi ra ewúrẹ́, lè fi san gbèsè, lè kó o lọ sí ọjà mìíràn tí iye bá wọ́n. V-Bucks, ìsọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbà á. Ẹni tó ni ìsọ̀ náà ló ń ṣe owó náà, òun ló ń dá iye lé ọjà, òun ló sì ń pinnu bóyá ọjà ọ̀hún ṣì máa wà lórí àtẹ lọ́la. Owó ẹyọ pàápàá kò mórí bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó lè pèsè rẹ̀ ní yanturu. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn oníṣòwò láti Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ kó owó ẹyọ Zanzibar wá sí Èkó, ó pọ̀ jù lọ́jà, iye rẹ̀ sì wálẹ̀. Bí ti ẹni tó ń kó o wá láti òkèèrè bá lè rí bẹ́ẹ̀, ẹ wá wo ti ẹni tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló fi ń ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀rí wà. Ní oṣù kẹjọ 2020, Epic Games, iléeṣẹ́ tó ni Fortnite, dín owó 1,000 V-Bucks kù ní Amẹ́ríkà láti dọ́là 9.99 sí 7.99. Ní oṣù kẹwàá 2023, wọ́n gbé e padà sí 8.99. Kò sí ẹni tí wọ́n bi léèrè kí wọ́n tó ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀.

Ní oṣù kẹta 2025, àwọn àjọ tó ń gbèjà oníbàárà káàkiri Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé ìlànà jáde lórí owó inú gèémù. Wọ́n ní kí wọ́n kọ iye owó gidi sí ẹ̀gbẹ́ iye owó inú gèémù, kí ó hàn gbangba, kí wọ́n má sì ṣe é lọ́nà tí ènìyàn á fi ní láti ra ju iye tó nílò lọ. Mo fara mọ́ ìlànà yẹn délẹ̀délẹ̀. Ó wù mí kí irú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa.

Kí ló dé tí V-Bucks díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́ nígbà gbogbo?

Bí wọ́n ṣe dì í sí ìdì ló fà á. Ẹ jẹ́ ká fi iye Amẹ́ríkà ti oṣù kẹwàá 2023 ṣírò rẹ̀. Aṣọ kan jẹ́ 1,200 V-Bucks. Ìdì tó kéré jù nígbà náà jẹ́ 1,000, dọ́là 8.99. Kò tó. Ẹ ó ra ìdì méjì, dọ́là 17.98, ẹ ó ra aṣọ yín, 800 á ṣẹ́kù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, aṣọ 1,500 dé tó wù yín. 700 péré ni ẹ nílò, ṣùgbọ́n wọn kì í ta 700 nígbà náà. Ẹ ó tún ra 1,000. Ẹ ra aṣọ náà, 300 ṣẹ́kù. 300 yẹn ni yóò máa pè yín padà wá sí ìsọ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi 1,200 ṣírò iye aṣọ yẹn, kí ẹ wá sọ pé kò tó dọ́là 11. Owó tó kúrò lápò yín nítorí rẹ̀ ni iye rẹ̀: dọ́là 17.98.

Dọ́là 17.98 yẹn, èló ni lọ́wọ́ wa nílé?

Kí ó tó di oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Ìdì 1,000 V-Bucks tó jẹ́ dọ́là 7.99 nígbà náà kò ju bíi 3,700 náírà lọ. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2025, dọ́là kan ti wà ní bíi 1,500 náírà. Ìdì kan náà, tó ti di dọ́là 8.99, ti sún mọ́ 13,500 náírà. Ìdì méjì nítorí aṣọ kan: bíi 27,000 náírà. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí láti oṣù keje 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Mo fi ìṣirò yìí han ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń ṣe ọlọ́dẹ, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. N kò fẹ́ kí ojú tì í. Mo kàn fẹ́ kí ó mọ iye tó ń béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ni.

Àwọn gèémù orí fóònù máa ń rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí wọ́n ń ta ìdì kéékèèké ní náírà lórí Google Play. Ti PlayStation ló le. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Sony ṣí ìsọ̀ PlayStation fún, nítorí náà àkáǹtì Amẹ́ríkà tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ wa ń lò, gift card ni a sì fi ń san owó. Ẹ rí i dájú pé orílẹ̀-èdè tó wà lára káàdì bá ti àkáǹtì mu, torí pé káàdì Gẹ̀ẹ́sì kò ní wọ àkáǹtì Amẹ́ríkà.

Ọmọ mi ní tí òun kò bá rà á lónìí, kò ní sí mọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni pé wọn yóò kó o kúrò lórí àtẹ. Aago tó ń kà sẹ́yìn wà lára ọjà Fortnite, wọ́n ń pààrọ̀ ohun tó wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù lára aṣọ náà ló ń padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan. Aṣọ inú kọ̀ǹpútà ni, kò ní tán bí ìró aṣọ òkè ṣe ń tán lórí igbá. Àwọn ló yàn láti kó o pamọ́.

Ṣé tẹ́tẹ́ ni àpótí tí wọ́n ń pè ní loot box?

Lójú tèmi, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ sanwó, ẹ kò mọ ohun tí ẹ ó rí, orí ló máa ń ṣe é. Àwọn ìjọba kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2018, àjọ tó ń rí sí tẹ́tẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù sọ pé loot box inú FIFA 18, Overwatch àti Counter-Strike: Global Offensive lòdì sí òfin tẹ́tẹ́ wọn, nígbà tó sì di oṣù kìíní 2019, EA, iléeṣẹ́ tó ṣe FIFA, dáwọ́ títa FIFA Points, owó inú gèémù náà, dúró níbẹ̀. Ilẹ̀ Ṣáínà ti ń béèrè láti 2017 pé kí àwọn oníléeṣẹ́ kọ ọ́ síta bí ó ṣe ṣeé ṣe tó láti rí ohun kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kìíní 2025, ẹni tó ń ta gèémù Genshin Impact ní Amẹ́ríkà gbà láti san 20 mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n sì ní kò gbọ́dọ̀ ta irú àpótí bẹ́ẹ̀ mọ́ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ fọwọ́ sí i.

Èyí tí àwọn ọmọ wa ń bá pàdé jù ni Lucky Draw ti Call of Duty: Mobile. Ẹ̀bùn mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Ìfà àkọ́kọ́ kò wọ́n rárá, ìkejì wọ́n jù ú lọ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gùn lọ. Ìbọn tí gbogbo èèyàn ń wá sábà máa ń gbẹ̀yìn jáde. Ọmọ tó ti fà á nígbà márùn-ún á sọ pé òun kò lè fi owó tí òun ti ná ṣòfò báyìí, á tún fà á. Mo ti rí i tí ọwọ́ ọmọ ń gbọ̀n níbi tó ti ń tẹ̀ ẹ́. Kò sí ohun tí mo kórìíra tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Bí ọmọ yín bá fẹ́ aṣọ tí iye rẹ̀ wà lára rẹ̀, ẹ lè jọ sọ ọ́. Ìfà, ẹ ní kó má fà á.

Àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ mi ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ torí aṣọ ọ̀fẹ́ ló ń wọ̀. Ṣé kí n rà á fún un?

Ẹ má ṣe pe ẹkún rẹ̀ ní ìranù. Ní oṣù kẹwàá 2019, ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nà fún Àwọn Ọmọdé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìròyìn kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá àwọn ọmọ lẹ́nu wò. Àwọn ọmọ náà sọ pé wọ́n ń pe ẹni tí kò ní skin ní "default", èébú ni, àwọn kan sì ń ná owó kí wọ́n má bàa dà bí tálákà lójú ẹgbẹ́ wọn. Àwọn ẹbí wa tó wà ní Peckham àti Woolwich ní London sọ fún mi pé bó ṣe rí níbẹ̀ nìyẹn. Bó ṣe rí nínú ilé gèémù mi náà nìyẹn.

Ẹ̀yin òbí tó bá ń ṣe bíi pé kò yé yín, ẹ rántí aṣọ ẹbí. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ dé òde tí ẹ kò ra aṣọ, tí wọ́n ní kí ẹ jókòó sí ẹ̀yìn, tí abọ́ ìrẹsì fò yín kọjá. Aṣọ yẹn kò mú inú yín tutù ju ti àná lọ, síbẹ̀ ẹ mọ ìdí tí ẹ fi rà á nígbà tó tún kàn. Ọmọ náà ń wá ibi tí òun máa jókòó sí láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ni.

Èyí tí mo máa ń dá lábàá ni pé kí ẹ ra ẹyọ kan, kí òun fúnra rẹ̀ yàn án pẹ̀lú sùúrù, kí ó sì wọ̀ ọ́ gbó. Àwọn ọmọ tó mọ gèémù ta dáadáa máa ń wọ aṣọ kan fún ọdún gbáko, ẹgbẹ́ wọn á sì fi aṣọ yẹn mọ̀ wọ́n. Ìyàtọ̀ wà láàárín aṣọ kan tó jẹ́ tirẹ̀ àti aṣọ tuntun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí ẹnu ayé.

Ọmọ mi fi káàdì mi ra nǹkan láìsọ fún mi. Ṣé mo lè gba owó mi padà?

Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ tètè dìde. Kí ọmọ má tíì fi ọwọ́ kan ohun tó rà. Bó bá jẹ́ Google Play ni, ẹ béèrè owó padà lọ́wọ́ Google láàárín wákàtí 48. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ lọ bá ẹni tó ṣe gèémù náà. Apple ní ojúewé tirẹ̀ tí wọ́n ti ń béèrè irú ẹ̀. Nínú Fortnite, aṣọ tí wọn kò tíì lò ṣeé dá padà, ṣùgbọ́n V-Bucks ni wọn yóò dá padà fún yín. Owó náírà yín kò ní padà bẹ́ẹ̀, ohun tí mo ti sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má ṣe kọ́kọ́ sáré lọ sí báńkì láti fagi lé owó náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2022, Federal Trade Commission, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà níbẹ̀, fẹ̀sùn kan Epic Games pé wọ́n to bọ́tìnì Fortnite lọ́nà tó fi jẹ́ pé bọ́tìnì kan ṣoṣo tí ọwọ́ bá ṣèèṣì tẹ̀, owó ti lọ: nígbà tí ọmọ ń gbìyànjú láti jí gèémù lójú oorun, tàbí nígbà tó kàn ń wo aṣọ. Wọ́n tún ní àwọn tó ní kí báńkì dá owó wọn padà, Epic ti àkáǹtì wọn pa, gbogbo ohun tí wọ́n ti rà látẹ̀yìnwá sì há sínú rẹ̀. Epic gbà láti san 245 mílíọ̀nù dọ́là padà fún àwọn òǹrajà, àti owó ìtanràn 275 mílíọ̀nù dọ́là lọ́tọ̀ lórí ìsọfúnni àwọn ọmọdé. Ní oṣù kejìlá 2024, ìpín àkọ́kọ́ nínú owó àwọn òǹrajà, bíi 72 mílíọ̀nù dọ́là, jáde. Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n san án fún. Àwa nílé kò sí lára wọn, ó sì dùn mí, nítorí bọ́tìnì kan náà ni àwọn ọmọ wa ń tẹ̀.

Àjọ tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà ní Nàìjíríà ni FCCPC, òfin ọdún 2018 ló gbé e dúró. Bí oníṣòwò tó wà nílé níbí bá jẹ owó yín, ẹ kọ̀wé sí wọn, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà alert àti ìwé ẹ̀rí owó.

Ẹnì kan lórí WhatsApp ń ta owó inú gèémù ní ìdajì iye. Ṣé kí n rà á?

Ẹ má rà á. Èmi náà ti rà á rí, fún ọmọ kan tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló wọlé, inú gbogbo wa dùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ náà ṣí gèémù rẹ̀, ó rí i pé owó inú rẹ̀ ti wọ gbèsè. Káàdì olókàádì ni ẹni náà fi rà á, olókàádì sì ti gba owó rẹ̀ padà. Nọ́ńbà WhatsApp náà kò lọ mọ́. Owó ara mi ni mo fi san gbèsè yẹn, torí èmi ni mo sọ fún ọmọ náà pé kò séwu.

Ohun kan tún wà. Bí wọ́n bá béèrè password yín pé àwọn fẹ́ wọlé bá yín rà á, ẹ sá. Nínú Free Fire, nọ́ńbà ìdánimọ̀ òṣèré nìkan ti tó láti fi dáyámọ́ǹdì ránṣẹ́ sí àkáǹtì. Kò sídìí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ mọ password.

Aṣọ tí mo rà, ṣé tèmi ni títí láé?

Rárá. Àṣẹ láti lò ó ni ẹ rà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2024, iléeṣẹ́ Ubisoft pa ẹ̀rọ tó gbé The Crew, gèémù eré mọ́tò kan, ró. Ẹni tó ra gèémù náà àti mọ́tò inú rẹ̀ láti 2014 kò lè wọlé mọ́. Ọ̀rọ̀ náà bí àwọn èèyàn nínú. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025, òfin kan ní ìpínlẹ̀ California ti ní kí àwọn tó ń ta irú ọjà yìí sọ fún òǹrajà kí ó tó sanwó pé àṣẹ ìlò ló ń rà. Ó kéré tán, kí ènìyàn mọ̀.

Ṣé mo lè tún un tà kí n jèrè?

Nínú Fortnite, Free Fire tàbí Call of Duty: Mobile, kò sí ọ̀nà tí òfin wọn gbà. Títa àkáǹtì lódindi lòdì sí àdéhùn wọn, ẹni tó tà á sì lè fi ímeèlì àkọ́kọ́ gbà á padà lọ́wọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ ti sanwó tán.

Ti Counter-Strike yàtọ̀. Láti oṣù kẹjọ 2013 ni skin ìbọn ti wà níbẹ̀, wọ́n sì ń rà á, wọ́n ń tà á lórí Steam, ìsọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti Valve. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Èkó ń fi ọ̀bẹ inú rẹ̀ pamọ́ bí ẹni fi góòlù pamọ́. Ní oṣù kẹwàá 2025, Valve yí òfin kan ṣoṣo padà: ó wá ṣeé ṣe láti fi skin ìbọn márùn-ún tó wà ní ìpele pupa pààrọ̀ ọ̀bẹ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó ọ̀bẹ ti já wálẹ̀ gidigidi. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fi owó tí ẹ máa jẹun síbẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè fi ìdè sí i lórí fóònù àti PlayStation?

Lórí Android, ẹ ṣí Google Play, ẹ wọ inú ètò rẹ̀, kí ẹ ní kí ó máa béèrè password tàbí ìka ọwọ́ fún gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́ rà. Lórí iPhone, inú Screen Time ni ẹ ti lè ti ọjà inú gèémù pa pátápátá. PlayStation ní ààlà owó oṣooṣù fún àkáǹtì ọmọdé, ẹ̀yin ni ẹ ó yan iye rẹ̀. Ẹ má sì fi káàdì báńkì yín sílẹ̀ nínú rẹ̀ rárá. Gift card ni kí ẹ rà, nítorí bí owó inú rẹ̀ bá tán, ó tán.

Ṣé ìwọ gan-an máa ń ra skin?

Bẹ́ẹ̀ ni, inú mi sì máa ń dùn sí i. Mo fẹ́ràn ọ̀ṣọ́, n kò ní purọ́.

Ìwé kan wà lórí tábìlì mi ní ilé gèémù. Ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan, èmi náà, a ó kọ orúkọ aṣọ náà síbẹ̀, a ó kọ iye rẹ̀ ní náírà, iye ìdì tí a máa rà ni o, kì í ṣe iye V-Bucks, a ó sì kọ ọjọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, ẹni náà á padà wá. Bó bá ṣì wù ú, màá bá a ra káàdì. Ojú ìwé tó wà ní ṣíṣí lónìí ní orúkọ aṣọ mọ́kànlá. Àwọn ọmọ tó kọ wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn fa ìlà sí mẹ́jọ. A ra méjì. Ẹ̀kọkànlá jẹ́ tèmi, ọjọ́ rẹ̀ á pé ní Ọjọ́bọ̀.